Ìyá Ìkìrun ní Kétu, Ìyá Mile 12 ní Ìkìrun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún fẹ́ pè mí láti sọ fún mi pé àgbà ló lọ, pé kì í ṣe ọ̀fọ̀, kó fi owó ìpè rẹ̀ sápò. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dàgbà. Mo mọ̀ pé wọ́n rí ọmọ, wọ́n sì rí ọmọ ọmọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, tí mo ń dáhùn "àmín, àmín," tí inú sì ń bí mi. Ṣé ẹni tó ti dàgbà kì í ṣeé ṣàárò ni? Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí wọ́n tún jágbe mọ́ mi láti ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan péré: "Àbẹ̀kẹ́! Ṣé etí ẹ ti di ni?"

Ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, nínú yàrá méjì kan ní Kétu, níbi tó jẹ́ pé bí o bá yọjú lójú fèrèsé, ọkọ̀ ẹrù tó ń yà sí Mile 12 ni wàá máa wò. Tòmátì ni Ìyá Àgbà ń tà nínú ọjà náà. Wọn kì í tà á ní wẹ́wẹ́ o. Apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó o wá láti Òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó máa lọ tún un tà. Ìyá Ìkìrun ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, torí pé Ìkìrun ni wọ́n ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọge tí kò tíì lọ́kọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Ìyá Àgbà, apá ọ̀tún wọn ni kẹ́ ẹ wò. Gbogbo ẹni tó bá ti ra tòmátì alápẹ̀rẹ̀ rí ló mọ̀ pé àwọn tó ń dì í máa ń to èyí tó pọ́n, tó sì le, sókè. Èyí tó ti ń jò ni wọ́n máa ń fi sísàlẹ̀. Wọn kì í sì í gbà kí oníbàárà da apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ kó tó sanwó. Ìyá Àgbà kì í dà á kalẹ̀. Wọ́n á ká apá bùbá sókè, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà títí dé ìgúnpá, wọ́n á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, wọ́n á wá máa fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ wò. Bí ọwọ́ bá jáde tí omi ń ro tótó lára ẹ̀, ariwo ti dé nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ẹnu apẹ̀rẹ̀ ń purọ́. Ìsàlẹ̀ ni kó o bi."

Kò sí ibi tí wọn kì í ti lo ọ̀rọ̀ yìí. Mo mú ọ̀rẹ́kùnrin kan wálé nígbà kan, ọmọ tó mọ aṣọ wọ̀, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, tó ń pè wọ́n ní Grandma. Wọ́n fún un lómi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ebi bá ń pa ẹ́, báwo lo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn?" Ọmọkùnrin náà rò pé eré ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá a rẹ́rìn-ín. Kò pé oṣù mélòó kan tí èmi fúnra mi fi mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ebi bá ń pa á, mo sì yáa gba ilé mi lọ.

Ohùn wọn ńkọ́? Háà! Ẹni tó bá ti fi ìdajì ayé rẹ̀ pariwo kọjá orí ọkọ̀ ẹrù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ jẹ́jẹ́? Bí wọ́n bá ń kí mi káàárọ̀, aládùúgbò á rò pé à ń jà. A sì ń jà nígbà mìíràn, kò burú. Wọ́n bá gbogbo èèyàn jà. Awakọ̀ Hausa kan wà tó ń jẹ́ Málàmù Sani, tó ń gbé tòmátì wá fún wọn. Kò sí ọjọ́ tó dé tí wọn kì í gbé ìjà kò ó. Òun á ní, "Kai, Hajiya!" Ìyá Àgbà á ní, "Má kái mi! Ṣé tòmátì lo gbé wá fún mi ni àbí ọbẹ̀?" Ẹ̀yin náà á rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó Sani bímọ, Ìyá Àgbà ló ra aṣọ ìkómọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ẹni tí mi ò bá bá jà, mi ò mọ̀ ọ́n."

Torí ìyẹn ni mi ò fi gbà á gbọ́ rárá nígbà tí wọ́n ní àwọn ń lọ. Èwo ni ká ti Kétu lọ? Ta ló kù tí wọn ò tíì bá jà ní Kétu?

Lándílọ́ọ̀dù wa ló kú, àwọn ọmọ ẹ̀ sì gba ilé. Ọdọọdún ni owó ilé ń gòkè. Bí ẹ bá rí owó ilé san, ẹ ò tíì ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ ò tíì ra káàdì iná, òjò á tún rọ̀, omi á wọ yàrá, ẹ ó tún tìmùtìmù rà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń fi epo pa apá tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mò ń ṣiṣẹ́ kí n lè rí Èkó gbé. Mo sì ń gbé Èkó kí n lè ríṣẹ́ ṣe. Èwo ni mo wá ń jẹ níbẹ̀?"

Ọ́ńkù Mùrí, àbúrò ìyá mi, ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìṣẹ́rì Olówóòrà. Ilé náà rẹwà, táìlì ń dán, géètì ń bẹ, síkiọ́rítì ń bẹ. Wọ́n lọ wò ó fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì padà wá. Inú bí Ọ́ńkù Mùrí. Ìyá Àgbà ní, "Ilé ọmọ mi dára, kí Ọlọ́run bù kún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè jágbe níbẹ̀." Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ ohun tó wà nínú wọn. Bàbá àgbà mi, kí wọ́n tó kú, ti kọ́ ilé kékeré kan sí Ìkìrun, wọ́n ti kan òrùlé ẹ̀, kànga sì wà lẹ́yìnkùlé. Ilé tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ làwọn ń lọ.

Mọ́mì mi sunkún. Wọ́n ní, "Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ mọ́? Gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ dàgbà ti kú tán." Ọ́ńkù Mùrí ní oṣù mẹ́ta kò ní pé kí wọ́n tó padà. Èmi ò sunkún, èmi ò sì bá wọn jiyàn oṣù. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi Ìyá Àgbà: "Èmi ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ìwọ náà lè wá."

Mo ní, "Iṣẹ́ mi ńkọ́?" Ọ́fíìsì kan ní Ògùdù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí dòní.

Wọ́n ní, "Mo ti bi ìsàlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí n lọ."

Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbé wọn lọ? Málàmù Sani! Ó ti já tòmátì sílẹ̀, ó ń padà sókè pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó ní òun á gba ọ̀nà Ìkìrun. Wọ́n to bẹ́ẹ̀dì, kúbọ́ọ̀dù àti ìkòkò sáàárín apẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà sì jókòó níwájú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ìjà ti bẹ̀rẹ̀: Sani so okùn, Ìyá Àgbà ní kò so ó dáadáa. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí mi ò fi gbọ́ ohùn wọn mọ́, ẹ sì mọ̀ pé ohùn yẹn jìnnà. Nígbà tí mo padà wọlé, yàrá náà tóbi jù.

Oṣù àkọ́kọ́, wọn ò rí oorun sùn. Ẹni tó ti ń sùn sínú fèrè tírélà, sínú jẹnẹrétọ̀, sínú lọ́wúsípíkà ṣọ́ọ̀ṣì lápá kan àti ti mọ́sálásí lápá kejì, ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ bí ewé ṣe ń já wá dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n á pè mí lẹ́yìn Ìṣáì. "Àbẹ̀kẹ́, ó dákẹ́ jù. Gbé fóònù yẹn sójú fèrèsé." Mo ti kó lọ sí yàrá kan ní Ìkòsí nígbà yẹn, ó kọjú sí títì. Mo máa ń gbé fóònù sójú fèrèsé, èmi á máa se oúnjẹ mi, Ìyá Àgbà á máa gbọ́ àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pe Òjóta, tó ń pe Ìkòròdú. Bí mo bá padà dé ìdí fóònù, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń han-an-run. Inú mi máa ń dùn. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé wọ́n á padà wá, kò lè pẹ́ mọ́.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n pè mí láàárọ̀, tí ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, mo dáràn."

"Kí lẹ ṣe, Ìyá Àgbà?"

"Mo ra ata."

"Ẹ ra ata. Ìyẹn náà lẹ ń pè ní ọ̀ràn?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo rà."

Wọ́n ti kírun Àsùbáà tán ni wọ́n bá bọ́ sí ọjà kékeré tó wà ládùúgbò. Wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ obìnrin tó to tòmátì Yorùbá, ata rodo àti tàtàṣé sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Mile 12 kì í bèèrè iye òkìtì kan. Gbogbo ẹ̀ ló ń bèèrè, wéré, kí oníbàárà mìíràn tó dé. Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ le, wọ́n ní èló ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta. Ìgbà tí wọ́n dé òpin ìlà ni wọ́n tó yíjú padà, tí wọ́n rí i pé ata ìlú ti tán, àti pé àwọn ò ní ẹni tí àwọn fẹ́ tà á fún. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ló rà á, Àbẹ̀kẹ́. Orí mi ò sí níbẹ̀."

Oòrùn yọ, àwọn obìnrin ń gbé abọ́ bọ̀. Kò sí ata. Kò sí ọbẹ̀ tí àdúgbò fẹ́ sè lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Sàlá ló wá dé lẹ́yìn gbogbo wọn, obìnrin kan tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ yẹn ló ti ń ra ata tó ń tà ní wẹ́wẹ́. Ó wo Ìyá Àgbà láàárín òkè apẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé Èkó ò tó yín jẹ ni, tẹ́ ẹ fi ní kẹ́ ẹ wá jẹ tiwa mọ́ ọn?"

Ìjà dé! Wọ́n ní wọ́n jà débi pé àwọn ọmọ ilé kéwú dúró wòran. Ìgbà tó rẹ àwọn méjèèjì, Ìyá Sàlá gbé àpótí wá, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì ń ta ata náà padà fún ìlú ní iye tí Ìyá Àgbà rà á gan-an. Ìyá Àgbà ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ohùn wọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Wọ́n ní kó tó di Àílà, gbogbo ọjà ti ń pe àwọn ní Ìyá Mile 12. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ní Kétu, Ìyá Ìkìrun ni wọ́n ń pè mí. Mo dé Ìkìrun, wọ́n ní Mile 12 ni mí. Ẹ wo ayé!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán, ó wá yé mi. Wọ́n ti rí ẹni bá jà.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àtẹ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Sàlá. Ìrọ̀lẹ́ kan, mo pè wọ́n fúnra mi, mo ní, "Ṣé kí n gbé e sójú fèrèsé?" Wọ́n ní, "Rárá o, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ariwo yẹn mà pọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Báwo lẹ ṣe ń sùn?" Mo gbọ́ kòkòrò tó ń dún ní ọ̀dọ̀ wọn. "Mo ti gbá yàrá ẹ," ni wọ́n tún sọ. Gbogbo ìgbà tá a bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Mo máa ń lọ kí wọn o, mo máa ń sùn nínú yàrá tí wọ́n ń gbá yẹn, kí n tó gba ọ̀nà Èkó padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí n máa lọ kí wọn ni mo fẹ́. Kí wọ́n padà wá ni mo fẹ́.

Mo gbìyànjú, mi ò purọ́. Mo gba yàrá méjì ní Ìkòsí, mo to ọ̀kan fún wọn, mo gbé àpótí wọn àtijọ́ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí títì. Wọ́n wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wo yàrá náà, wọ́n fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣàdúà fún mi títí ojú fi ń tì mí. Wọ́n lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Mile 12, Sani sì pariwo "Kai!" débi tí gbogbo ọjà fi wò wọ́n. Mo ní ó ti bọ́ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di báàgì.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé?"

"Ata mi wà nílẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Ata wo? Àtẹ kékeré yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta kún ọkọ̀ rí?"

Wọn ò jágbe. Wọ́n fa síìpù báàgì, wọ́n ní, "Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń rà á."

Mo sìn wọ́n dé gáréèjì, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà. Wọ́n ra bóòlì fún mi bí ọmọ kékeré.

Ìyá Sàlá ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ. Wọ́n kírun Àsùbáà, wọ́n tún fara lé bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí ariwo kankan. Èmi, Mọ́mì àti Ọ́ńkù Mùrí gbéra láti Èkó lójú ẹsẹ̀. Nígbà tá a dé Ìkìrun, àwọn ààfáà ti ní lẹ́yìn Alaásárì ni wọ́n máa kírun sí wọn lára. Èèyàn ti kún iwájú ilé, àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Mo wọ yàrá mi láti gbé báàgì sílẹ̀. Wọ́n ti gbá a. Ìgbálẹ̀ ṣì fara ti ògiri. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò dàgbà rí láyé yìí.

Mọ́mì mi wá fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn èèyàn tó ń bọ̀ yóò jẹun, kí n sáré lọ ra tòmátì àti ata. Ìyẹn tún bí mi nínú. Mo fi gèlè nu ojú, mo lọ sọ́jà.

Ìlà aláta ṣófo. Àtẹ wà ní dídojúdé, àpótí ìjókòó wà lórí wọn. Kò sí rodo kan ṣoṣo. Mo dúró níbẹ̀, mo ń bínú sí ìlú. Irú ìlú wo nìyí? Ìyá mi àgbà kú, mi ò sì rí ata rà! Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta iyọ̀ níkọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí ata?"

Wọ́n ní, "O ò lè rí ata ní ọjà yìí lónìí, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó lọ sílé Ìyá Mile 12."

Bí mo ṣe padà sílé, mi ò lè sọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo sì bá wọn lẹ́bàá kànga, gbogbo ìlà aláta, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, abọ́ àti ọ̀bẹ. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bọ́ sọ́jà ìlú yìí, ìlú ò rí ata rà. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, ìlú ò rí ata rà. Ìyá Sàlá ló wà láàárín wọn. Ó ti ká apá bùbá sókè, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó dijú, omijé ń ṣàn lójú tó dì náà.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó lajú. "Jókòó, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí n má gba ẹnu apẹ̀rẹ̀ gbọ́."

Mo jókòó tì í. Mo ká apá aṣọ mi, mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ó tutù nínú. Mo wá a títí ìka mi fi kan ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ le.